Ẹ Má Tíì Da Omi, Àna Wa Ṣì Wà Nílé

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, o mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àǹtí rẹ, àbígbẹ̀yìn mi, mo sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ láti ilé dé ilé.

Ní Festac níbí, ilé wa ló gbẹ̀yìn ní kúlóòsì wa, àdúgbò kékeré tí ọ̀nà rẹ̀ kò já síbì kan, òun náà ló rẹlẹ̀ jù. Páìpù kan ṣoṣo nìjọba rì mọ́lẹ̀ fún gbogbo wa. Ìgbẹ́ ilé gbogbo á pàdé lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n á jọ lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ̀ ọ́ kó tó wọ ọ̀sà. Ẹ̀rọ yẹn ti dákẹ́ tipẹ́. Tí àwọn tílé wọn wà lápá òkè bá ti da omi sílé ìgbẹ́ wọn, ihò iwájú ilé wa ló ń gbà jáde. Wọ́n á jẹun lọ́dọ̀ wọn, àwa la máa rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àǹtí rẹ dúró lẹ́nu ihò, ó ń sunkún. Ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń nu àga kó tó jókòó.

"Bàbá, tí wọ́n bá rí èyí, ó ti parí fún mi nìyẹn."

Mo gbá gbogbo ẹ̀ dà nù, mo da yanrìn sílẹ̀. Mo wá ń kan ilẹ̀kùn kiri.

Ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi títí àwọn àna wa á fi lọ."

Ó wò mí. "Ṣé omi ìwẹ̀ ni, àbí...?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀wà la jẹ lálẹ́ àná o!"

Ìyàwó rẹ̀ ké látinú kíṣìnì: "Ẹ máa lọ, Bàbá. Màá ṣọ́ ọ!"

Ọmọkùnrin kan tó máa ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní tòun ti rọrùn. "Dádì, mo ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀."

Bí ọkọ ìyàwó ṣe pè pé àwọn ti dé Apple Junction nítòsí wa níbí, kò sẹ́ni tó da omi mọ́.

Wọ́n dé. Abẹ́ kánópì níwájú ilé la tẹ́ àga sí. Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Yanrìn gbẹ táútáú. Ìyá ọkọ ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku àdúrà ìparí. Bàbá ọkọ gbàdúrà fún tọkọtaya, ó gbà á fọ́mọ tí wọn ò tíì bí, ó kọjá sórí ìjọba. Mo gbójú sókè, mo rí ọ̀gá yẹn lójú fèrèsé, ó di irin mú, ó ń wò mí. Mo sáré ṣe àmín. Bàbá ọkọ rò pé inú mi ń dùn ni, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo tún máa wòkè, ọ̀gá ti kúrò lójú fèrèsé.

Ihò kùn. Ìdérí ẹ̀ gbéra. Ìgbẹ́ ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí yanrìn.

Àǹtí rẹ kawọ́ lérí. Ìyá ọkọ ká ìró sókè, ó wo ilẹ̀, ó wo ọmọ mi.

"Inú èyí lẹ fi ìyàwó wa sí? Rárá o! Oṣù tó ń bọ̀ la máa gbé e. Bàbá wọn, ẹ ṣe àmín, ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́!"

A mú ọjọ́ lórí ìdúró. Bí wọ́n ṣe ń wọ mọ́tò, ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀, ara ti tù ú, ó nawọ́ sí mi.

"Ẹ kú oríire o, Bàbá!"

Mo ní ká kàn máa kí ara wa lẹ́nu.