Ọjọ́ Tí Fábọ̀dé Jókòó Ta Epo

Iṣẹ́ ojúmọ́ ni Ẹfúnwùmí ń ṣe láti ìgbà òmìnira. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, wọ́n á pè é kó wá bomi rin ọmọ ọ̀pẹ ní oko ìjọba lẹ́bàá Massè. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Fábọ̀dé ọkọ rẹ̀, tí ń gun ọ̀pẹ, ló ń gba owó oṣù. Bí gbogbo ilé ṣe rí nìyẹn: ọkùnrin loṣù, obìnrin lójúmọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n gé àwọn ọ̀pẹ àgbà lulẹ̀ láti gbin tuntun. Iṣẹ́ àwọn agunpẹ wá di ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀pẹ sì ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́. Rogatien, ọ̀gá oko tó wá láti Àjàṣẹ́, sọ fún Ẹfúnwùmí pé òun á fi í sí iṣẹ́ oṣù, bí kò bá pa ọjọ́ kan jẹ títí oṣù á fi parí.

Ọ̀rọ̀ wá di wàhálà. Ọjà ọrọọrún ni ọjà Adja-Ouèrè, epo tí Ẹfúnwùmí ń tà níbẹ̀ ló sì fi ń rán Òkè, ọmọ rẹ̀, lọ sílé ìwé.

“Ọjọ́ ọjà kì í ṣe dímáǹṣì, ọjọ́ Ìsinmi tí a kì í ṣiṣẹ́,” Rogatien ní. Ará ìlú ńlá, kí ló mọ̀ nípa ọjà?

Ẹ̀rù ba Ẹfúnwùmí. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́, kò sì fẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

“Èmi á gbé epo náà lọ, Ìyá Òkè,” Fábọ̀dé ní.

Ọkùnrin kan kò jókòó síbi elépo rí. Nígbà tó débẹ̀, àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Ọkọ wa, ṣé ẹ ti di ìyálọ́jà ni?” Málọmọ́, tó máa ń jókòó ti Ẹfúnwùmí, bi í.

“Ẹ kọ́ mi,” ó dá a lóhùn.

Wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́. Ó ta epo náà tán, ó sì ń lọ ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Ní ìparí oṣù, Rogatien pe orúkọ Ẹfúnwùmí mọ́ ti àwọn olóṣù. Ìdùnnú ò jẹ́ kó mọ bó ṣe délé. Ó bá Fábọ̀dé nídìí ìkòkò, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá Òkè, ẹ ṣeun. Ti àwa méjèèjì ni iṣẹ́ yìí.”

Fábọ̀dé ní kó dìde, kò gbójú kúrò nínú epo tó ń sè. Ọ̀la lọjà.