Ibi Tí Ọwọ́ Ọlánípẹ̀kun Kàn Kẹ́yìn

Ọjọ́ tí gbogbo èbúté Tin Can fi mọ Ọlánípẹ̀kun ríwáyà, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, tírélà kan ló ń ké. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá ti tẹ bíréèkì, họ́ọ̀nù á dún. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti wà lórí ìlà àtiwọ èbúté. Wọ́n á sún díẹ̀, bíréèkì. Wọ́n á tún sún, ariwo. Ríwáyà mẹ́ta ti tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ. Awakọ̀ tó wà níwájú ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì wá ṣépè.

Ọlánípẹ̀kun dé. Sukudiráfà kan. Téèpù dúdú kan. Gílóòbù kékeré kan tó so wáyà méjì mọ́ nídìí. Kò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó sórí táyà, ó ní kí wọ́n ra omi tútù fún òun, ó sì bi Nnaemeka, awakọ̀ náà, pé ọwọ́ ta ló kan wáyà ọkọ̀ yìí kẹ́yìn.

Nnaemeka ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. "Baba, I no touch anything."

"Mi ò ní o jẹ̀bi. Ọwọ́ ta ni mo bi ọ́."

Ọlánípẹ̀kun ń mu omi rẹ̀. Nígbà tó yá, Nnaemeka jẹ́wọ́. Òun lòun fa iná pupa kékeré kan sẹ́yìn tírélà, nítorí pé ọ̀rẹ́ òun ní irú ẹ̀. Ọlánípẹ̀kun tọ wáyà iná pupa náà láti ẹ̀yìn bọ̀ níwájú, ó bá a níbi tí ara rẹ̀ ti bó, tó rọ̀ mọ́ wáyà họ́ọ̀nù bí ìyàwó tuntun. Ó fi téèpù yà wọ́n. Wọ́n tẹ bíréèkì. Kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo ìlà pàtẹ́wọ́, Ọlánípẹ̀kun sì ní kí wọ́n má pàtẹ́wọ́ fún òun, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Nnaemeka tó jẹ́wọ́ kí omi òun tó tán.

Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Ibi tí ọwọ́ èèyàn bá kàn kẹ́yìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mujeedat, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn l'Ájégúnlẹ̀, gbọ́ ọ títí etí rẹ̀ fi kún. Ó tún gbọ́ ti Ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí lorúkọ gílóòbù yẹn. Bí fíúsì bá ń jó ṣáá, Ọlánípẹ̀kun á yọ ọ́, á fi Ẹlẹ́rìí dípò. Bí wáyà kan bá ń fara kan irin níbi tí kò yẹ, ohun tí àwọn ríwáyà ń pè ní bíríìjì, Ẹlẹ́rìí á tàn yòò. Á wá máa mi àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mì tí iná náà kú, òun lolè. Ó ní ní gbogbo Àpápá, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí kì í gba ẹ̀gúnjẹ nìyẹn.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́gun rẹ̀. Tirẹ̀.

Píjó 504 ni, ó ti dàgbà ju Mujeedat lọ. Ara rẹ̀ le koko, àfi bí Bàrákátù, ìyàwó Ọlánípẹ̀kun, bá jókòó síwájú. Bó bá ti jókòó báyìí, fíúsì á jó. Bí ẹlòmíì bá jókòó síbẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Bàrákátù kì í ṣe obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Ìyá Mujeedat," Ọlánípẹ̀kun wí níṣojú gbogbo àdúgbò, "ìwọ gan-an ni bíríìjì."

"Ẹ yẹ ara yín wò, Bàbá Mujeedat. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń wakọ̀ ni ò ní fíúsì."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni Bàrákátù ń jókòó. Ọdún mẹ́fà. Gèlè gíga, báàgì lórí itan. Àwọn onítírélà Creek Road bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ọlánípẹ̀kun ní dírẹ́bà Àlàájà. Òun náà á ṣí fìlà, á ní Ọlọ́run á pèsè ọ̀gá tó dáa fún ẹ̀yin náà.

Azubuike tó ń ta páàtì ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìgbàlódé kan wá, èyí tó ń ka àìsàn ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà wá ihò tí yóò ki ẹnu bọ̀ lára Píjó, kò rí. Ọlánípẹ̀kun fọwọ́ pa á lórí, ó ní kó má sunkún, ọmọdé ni, yóò dàgbà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá bíríìjì yẹn. Ó ní kò sí wáyà tí òun ò tíì yẹ̀ wò nínú ọkọ̀ náà, àyàfi èyí tí òun fúnra òun fà. Iṣẹ́ ọwọ́ òun kò nílò àyẹ̀wò.

Ó kú nígbà ọyẹ́, wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, téèpù dúdú lápò.

Ọbalọlá, àbúrò rẹ̀, ní kí wọ́n ta Píjó náà fún àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́mù. Mujeedat bẹ̀ ẹ́. Ọbalọlá rò ó. Ó ní fìdáù ogójì ọjọ́ ń bọ̀ ní ilé bàbá wọn ní Àgbádárìgì. "Bí ọkọ̀ yìí bá gbé ìyá rẹ débẹ̀ lórí àga iwájú, tí fíúsì ò jó, mi ò ní sọ̀rọ̀ kóńdẹ́mù mọ́. Bó bá jó, ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá kó o."

Ó ku ọ̀la. Mujeedat fi Ẹlẹ́rìí sí ipò fíúsì, ó ní kí ìyá òun jókòó síwájú. Ìyá ní òun ò fẹ́ kí wọ́n tún pe òun ní bíríìjì. Wọ́n rọ̀ ọ́. Ó jókòó. Ẹlẹ́rìí tàn yòò. Ó dìde. Ẹlẹ́rìí kú.

"Ẹ tún jókòó, Màámi. Ẹ dìde."

"Ṣé ìrun ni mò ń kí ni?"

Mujeedat dúró. Ọwọ́ ta ló kàn án kẹ́yìn? Ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹ̀rín gbé e ṣubú sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó tú àga. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wáyà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, téèpù dúdú ẹ̀mẹ́ta lára rẹ̀, tí wọ́n ká ṣóńṣó rẹ̀ wọlé. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni. Irin ìdí àga ti jẹ ẹ́ láwọ̀. Ó tọ̀ ọ́ lọ títí. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, gílóòbù kan tí kò ju ekùrọ́ lọ, tó kọjú sí itan ẹni tó bá jókòó síbẹ̀.

Bàrákátù kò rẹ́rìn-ín. Ó rántí. Wọ́n ń lọ sí Àgbádárìgì, ilẹ̀ ò tíì mọ́, okùn tẹ̀sùbáà rẹ̀ já, òun sì ń fọwọ́ wá ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ọkọ̀ nínú òkùnkùn. Ọkọ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dé ilé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni fíúsì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ọkọ rẹ̀ fẹ́ fi iná yẹn yà á lẹ́nu ni. Fíúsì jó, iná kò tàn. Ta ló fẹ́ fi iná tí kò tàn han ìyàwó?

"Ọkùnrin yìí," Bàrákátù wí. "Ọdún mẹ́fà."

Mujeedat ká téèpù mọ́ wáyà náà. Ẹ̀mẹ́ta. Ó ká ṣóńṣó rẹ̀ wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Bàrákátù jókòó síwájú pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Ọbalọlá wà lẹ́yìn, ó gbé kúlà oúnjẹ sàárà lé itan, ó ń retí òórùn fíúsì tó jó. Oòrùn ń ràn gan-an, gílóòbù kékeré sì ń tàn. Mujeedat tó ń wakọ̀ ní kí àwọn pa á nítorí bátìrì. Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ wò ó.

Ní Creek Road, onítírélà kan tí kò tíì gbọ́ na ọrùn síta, ó bi Àlàájà pé dírẹ́bà wọn ńkọ́.

Bàrákátù wo iná tó wà lórí itan rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ti lọ sinmi," ó ní. "Kò pa iná."