Ìrọ̀lẹ́ Tí Wọ́n Ní Kí Ẹnikẹ́ni Má Fi Wá Rẹ́rìn-ín

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ohun tójú mi rí fún yín, bóyá ara á fúyẹ́ díẹ̀.

Ayé ológun ni. Àfín ni mí, ọmọ Ìsúndunrín, aláwàdà sì ni mí. Níbi ìkómọ, níbi ìgbéyàwó, mo máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n orí ìtàgé gidi? Ta ló fẹ́ gbé àfín sórí ìtàgé?

Ni àwọn ọ̀dọ́ Èjìgbò bá ṣètò ìrọ̀lẹ́ àwàdà fún àwọn tí wọn kì í pè. Wọ́n pe èmi, wọ́n pe abuké kan láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, àti obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé, tí Faransé ò jẹ́ kí Yorùbá ẹnu rẹ̀ já geere. Ọ̀gá eléré ìtàgé kan tún wá láti Òṣogbo. Ó ní ẹni tó bá pa èrò lẹ́rìn-ín jù lòun máa mú wọ ẹgbẹ́ òun. Àtìgbà ọmọge ni mo ti ń wá irú àyè yìí!

Ibi tó ti bàjẹ́ rèé. Alága ọjọ́ náà, Alhaji kan tó láàánú gan-an, dìde, ó wàásù. Ó ní ẹ̀dá Ọlọ́run ni wá, kí ẹni tó bá fẹ́ fi wá rẹ́rìn-ín rántí pé òun náà ṣì ń bímọ.

Ẹ gbà mí o! Àwàdà la wá ṣe!

Abuké ṣe tiẹ̀, obìnrin Àbíjàn ṣe tiẹ̀, gbogbo ilé dákẹ́. Ó kàn mí. Mo sọ ti ìyá ọkọ mi, tó máa ń gbé iyọ̀ pamọ́ bó bá ti gbóhùn mi lójúde, torí wọ́n ní àfín kì í jẹ iyọ̀. Mo ní, “Mo sọ fún wọn pé, Màmá, iyọ̀ kọ́ lẹ ó gbé pamọ́ o, ẹran ni!”

Obìnrin kan níwájú ń sunkún, ó ń nujú. Òmíràn dìde, ó fi mósà sàárà sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fara dà á. Mósà! Máìkì sì wà ní ọwọ́ mi kejì!

Mo bẹ̀ wọ́n: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run á fi ẹ̀rín kún ilé yín.”

Wọ́n ní, “Àmín.”

Ni ẹnì kan bá bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín àríntàkìtì. Ìyá mi ni! Àwọn tó ń ṣọ́nà sáré lọ bá wọn, wọ́n ní ṣé wọn ò lójú àánú ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ bọ́ síta. Ìyá mi figbe ta: “Èmi ni mo bí i! Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tó sọ ni?” Síbẹ̀ wọ́n mú wọn jáde.

Nígbà tó parí, ọ̀gá eléré di ọwọ́ mi mú. Ó ní ọ̀rọ̀ mi wọ òun lára, àmọ́ ẹ̀rín lòun wá wá, ti ẹnì kan ṣoṣo lòun sì gbọ́. Ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó wọkọ̀, ó lọ.

Èmi àti ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Inú ń bí wọn. Ní tèmi, ó rẹ̀ mí débi pé n ò lè bínú. Ta ni kí n bínú sí? Ta ló ṣe mí níbi?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé àánú dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bẹ́ ẹ bá sunkún fún aláwàdà, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn.

Ṣé wọ́n ti káàánú ẹ̀yin náà rí níbi tẹ́ ẹ ti ń fakọ yọ? Ẹ sọ tiyín, mo ń gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má kí mi pẹ̀lẹ́.