Tẹlifísọ̀n Olẹ́ẹ̀dì tí Ọkọ Mi Rà

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ pé tẹlifísọ̀n wa ti ń kú lọ. Ó ní àwòrán rẹ̀ ti ṣú, ó dà bí ẹni pé wọ́n ta àwọ̀n sí i lójú. Mo wò ó, mi ò rí àwọ̀n kankan. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì, tó bá sì ti tún nǹkan sọ títí nínú ilé wa, òótọ́ ló ń dà.

A gun alùpùpù akérò tí à ń pè ní zẹ́mì lọ sí Tokpota, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ. Ó gbé tẹlifísọ̀n méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó tan méjèèjì.

"Bàbá, ẹ wo dúdú èyí," ló wí. "Iná kéékèèké ló kún ojú rẹ̀. Níbi tí òkùnkùn bá wà nínú àwòrán, iná ibẹ̀ á kú pátápátá. Dúdú tiẹ̀ kì í ṣe aláwọ̀ eérú bíi ti èkejì yìí. Olẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń pè é."

Ọkọ mi sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun rí ìyàtọ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá?"

"Mo rí i pé èkejì kò wọ́n tó èyí."

"Ìyàtọ̀ ni ìyẹn náà," ni ọkùnrin náà wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Olẹ́ẹ̀dì la rà. À bá fi owó rẹ̀ ra alùpùpù tuntun, kí ó sì ku owó epo.

Ọkùnrin méjì ló gbé e wá sílé. Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tó máa ń jókòó sí. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí rẹ̀ kò sì mú mọ́. Ó rí àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí pẹ̀lú ẹrù ńlá, ó bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló dé. Ọkọ mi fi ìdùnnú pariwo sí i létí pé:

"Olẹ́ẹ̀dì, Màmá! Olẹ́ẹ̀dì!"

"Olè dé" ni Màmá gbọ́. Kò tún béèrè. Ó fi ohùn kan tí a ò mọ̀ pé ó ṣì ní ké pé, "Olè dé o! Ẹ gbà wá o!"

Aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà sáré jáde pẹ̀lú ọ̀pá ìwọnṣọ rẹ̀. Obìnrin Gùn tí a jọ pín ògiri gbé ọmọ odó wá. Kò gbọ́ èdè Nàgó wa púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ tí kò gbọ́ "olè". Àwọn tó gbé ẹrù sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ọkọ mi na apá méjèèjì, ó dúró gbagidi láti dáàbò bo páálí náà. Àwọn tó gbé e wá kò rí ẹni dáàbò bò wọ́n.

Nígbà tí a ṣàlàyé tán, níwọ̀n bí gbogbo wọn ti jáde náà, wọ́n kúkú wọlé wá wò ó. A tàn án, ìròyìn ló wà lórí rẹ̀. Àwòrán tí erìàlì wa ń fà kò dára, ojú ẹni tó ń ka ìròyìn pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Aránṣọ wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ó tóbi," ló wí.

Obìnrin Gùn sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè tirẹ̀. Wọ́n kí wa kú oríire, wọ́n lọ.

Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, ara wa nìkan la máa ń rí nínú rẹ̀. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Iwájú rẹ̀ ló ti ń wé gèlè kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò pẹ́ tí ọkọ mi fi sọ pé àwọ̀n ti wà lójú èyí náà. Ó pe ọkùnrin Tokpota. Ọkùnrin náà wá, ó fi aṣọ nu ojú rẹ̀, ó fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ títí tí èmi fi ń ṣẹ́jú. Ọkọ mi ní àwọ̀n náà ṣì wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó wò mí, ó mu omi tí mo gbé fún un, ó lọ.

A ti fún àbúrò ọkọ mi ní tẹlifísọ̀n àtijọ́. Àgbẹ̀ ni, Akpro-Missérété ló ń gbé. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan a lọ kí i, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn pátá, mo sì ń ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ẹnu yà mí.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni mo wí, "nọ́ńbà wo ló wà lẹ́yìn ẹni tó ní bọ́ọ̀lù yẹn?"

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ṣebí mo ti sọ fún ọ pé àwọ̀n ti bo nǹkan yìí."

Àbúrò rẹ̀ wo tẹlifísọ̀n, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀n wo?"

A jẹun, a kí wọn pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi jókòó síwájú olẹ́ẹ̀dì, kò tàn án.

"Ṣé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀. Mo rò pé tẹlifísọ̀n ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

Bàbá rẹ̀ fọ́jú kó tó kú. Ọkọ mi ló máa ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì fẹ́ràn kí a máa sọ ọ́. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn ń nu awò ojú rẹ̀ tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

Dókítà ojú tí a lọ bá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, pé iṣẹ́ abẹ á yọ ọ́. Wọ́n ṣe ọ̀kan, a dúró kí ó jinná, wọ́n ṣe èkejì. Èmi ló ń kán oògùn sí i. Ó máa ń di ọwọ́ mi mú nígbà náà, ó sì máa ń ní tìtorí kí n má baà gbọ̀n ni.

Lẹ́yìn náà ló tó wo tẹlifísọ̀n rẹ̀ dáadáa. Ó kọ́kọ́ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri. Ó fi fíìmù kan sí i, àwọn ènìyàn ń rìn nínú igbó lóru. Ojú tẹlifísọ̀n dúdú bí ìdí ìkòkò. "Dúdú náà nìyí," ló wí. Màmá ní iná ti lọ.

Àwọn aládùúgbò ṣì máa ń bi í bóyá irú tẹlifísọ̀n bẹ́ẹ̀ yẹ ní rírà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń kọjá. Aránṣọ lọ, kò rí i kà dáadáa. Awò ojú ló padà rà.

Ní òwúrọ̀ kan tí a ń mu kọfí, mo rí i pé ọkọ mi ń wò mí.

"Ìgbà wo lo hu ewú tó báyìí?"

"Ó ti pẹ́."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Ó tún wò mí díẹ̀ sí i, ó ní kò burú, ó yẹ mí. Ó wá dìde pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń fi gbogbo ibi tí ògiri ilé wa ti dọ̀tí hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan.