Ohun Tí A Lẹ̀ Mọ́ Apá Màámi

Nílé wa, a kì í sọ fún ẹni tó wà lókè òkun pé ara ìyá rẹ̀ kò yá. Wọ́n á ní, "Ṣé kó máa ronú kú síbẹ̀ ni?" Àìsàn ńlá á di ibà lẹ́nu wọn, títí òkú á fi sùn. Mo kórìíra àṣà yìí dénú eegun, mo sì rò pé mo ti rí ẹ̀rọ tó máa fòpin sí i.

Sẹ́ńsọ̀ tí àwọn aláìsàn ń lẹ̀ mọ́ ara ni à ń ṣe níbi iṣẹ́ mi ní Calgary lókè òkun. Okùn tín-ínrín kan wà nídìí rẹ̀ tó ń wọ abẹ́ awọ. Wúrà la fi ń bò ó, wúrà tó kúnná débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kó tètè mọ̀ bí ṣúgà ara bá lọ sókè, á sì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù, ìbáà jẹ́ fóònù ẹni tó wà ní ìdàkejì ayé. Màámi ní àtọ̀gbẹ. Mo fi sẹ́ńsọ̀ mélòó kan rán ẹni tó ń lọ sílé, mo sì kọ́ àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú Màámi n'Ìbàdàn, bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀, ariwo ṣáá ni fóònù mi ń pa. Nínú train láti Saddletowne, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí iṣẹ́: ṣúgà Màámi ti lọ sókè. Mo pè wọ́n, mo jágbe mọ́ gbogbo ilé. Màámi fúnra wọn gba fóònù.

"Ọkọ mi, fara balẹ̀. PR yẹn ńkọ́, ó ti jáde?"

"Màámi, ẹ fi ọ̀rọ̀ PR sílẹ̀. Tí ẹ ò bá lọ sí ọsibítù, mò ń bọ̀ nílé."

Màámi mọ̀ pé bí mo bá jáde kí PR, ìyẹn ìwé ìgbélùú, tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo lè máà rí ọ̀nà wọlé mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo dáwọ́ dúró. Nọ́ńbà wálẹ̀, àwọ̀ ewé lójú fóònù láàárọ̀, àwọ̀ ewé lálẹ́. Inú mi dùn! Mo jáde síwájú ìjọ wa ní Falconridge, mo jẹ́rìí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ọlọ́run. Bí mo bá pe ilé tí ohùn Màámi rẹlẹ̀, wọ́n á ní ibà ni. Mo máa ń wo fóònù mi, mo sì máa ń gbà wọ́n gbọ́.

Mò ń kó snow kúrò lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ Sátidé kan nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè.

"Gbé fóònù fún ìyàwó ẹ."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wọlé, mo kọ̀, n kò gbé e fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni. Ṣúgà wọn dáa, mò ń wò ó báyìí!"

Ó mí kanlẹ̀. "Sẹ́ńsọ̀ yẹn, apá àbúrò ẹ ló wà. Màámi ló ní ká yọ tiwọn, ká lẹ tuntun mọ́ ọn. Wọ́n ní tó o bá rí nọ́ńbà tiwọn, wàá sá wálé, PR ẹ á sì bàjẹ́. Nígbà tá a gbé wọn dé ọsibítù, it was too late. Ọ̀rọ̀ ìyá ni, kí la fẹ́ ṣe?"

Kí lẹ fẹ́ ṣe? Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ariwo fóònù mi ni wọ́n wò sàn. Mo ju fóònù náà sórí tábìlì.

Ọmọbìnrin mi mú un, ó wò ó.

"But Daddy, Grandma is okay. Look, it's green. She just ate."

Lóòótọ́, nọ́ńbà náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Wọ́n ti rọ àbúrò mi pé kó tọ́ nǹkan wò. Màámi ti wà ní mọ́ṣúárì, ṣúgà wọn sì dáa lórí fóònù mi.