Bàbá Wọ̀n-ọ́n-wò àti Mọ́tò Ọlọ́fun Méjì

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Bàbá Wọ̀n-ọ́n-wò ládùúgbò, ọ̀rọ̀ mọ́tò tí kò dún ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Télọ̀ ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀. Ọjọ́ tó lọ wo mọ́tò tuntun, obìnrin tó ń tà á ní kó jókòó sídìí ọkọ̀, kó tẹ bọ́tìnnì. Bàbá tẹ̀ ẹ́, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó tẹ́tí bí ẹni tó ń dúró de ẹkún ìkókó. Nígbà tó pẹ́, ó ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wá.

"Bàbá, ó ti ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀," ni obìnrin náà sọ.

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ náà ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ṣùgbọ́n èmi ń gbọ́ ohùn tìẹ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń wọn ènìyàn kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó máa ń wọ̀n ọ́ lóòró, ó máa ń wọ̀n ọ́ ní ìjókòó, lẹ́yìn náà ni yóò ní kí o lọ jẹun, kí o padà wá. Òṣìṣẹ́ báńkì kan bínú, ó ní ìdúró lòun fi ń wọ sòkòtò. Bàbá ní kó yíjú sẹ́yìn wo bí ìdí sòkòtò tó wọ̀ wá ti rí, kó tó sọ̀rọ̀ ìdúró.

Kì í ṣe fàájì ló mú un wá mọ́tò o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ń gbé ní ìlú kan tó jìnnà. Ojú ẹ̀gbọ́n yìí, ìyá àgbà, ti fọ́. Oṣooṣù ni Bàbá ń lọ kí i, àfìgbà tí mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lágbedeméjì ọ̀nà, tí wọ́n sì fi okùn wọ́ ọ padà wálé. Orúnkún rẹ̀ kò gba ìjókòó inú bọ́ọ̀sì mọ́. Oṣù ń gorí oṣù. Ìyá náà wá ránṣẹ́: "Ẹ sọ fún un pé mo ṣì wà. Ṣùgbọ́n kó má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, ló mú ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń jẹ iná tó sì ń mu epo wá. Ó ní iná ilé yóò gbé e káàkiri àdúgbò, epo yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ àbúrò Bàbá, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ta kò ó. Ó ní ilé sí ṣọ́ọ̀bù kò jìnnà ju kéèyàn sín kó tó nujú lọ. Kí ni ẹni tí kì í rìn jìnnà fẹ́ fi ẹ̀rọ méjì ṣe? Epo yóò kàn sùn sínú táǹkì títí yóò fi bàjẹ́. Àwọn méjèèjì ja ọ̀rọ̀ náà títí. Bàbá ní kò sí ẹni tó tíì wọ̀n ọ́n nínú wọn.

Ó padà lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta mọ́tò, ó ní kó jẹ́ kóun lo mọ́tò náà fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí òun kì í parí aṣọ fún ẹni tí kò tíì gbé e wọ̀ wò. Obìnrin náà ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kò burú. Ó jókòó, ó yọ apá kóòtù kan jáde nínú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ létí láàárín àwọn mọ́tò olówó ńlá. Nígbà tó nawọ́ sí apá kejì, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.

Mọ́tò Ọlọ́fun Méjì ló ń pè é. Ó rán ẹ̀wù fún un kí eruku má bà á jẹ́, ó sì gé ihò bọ́tìnnì tó dára sí i lára kí wáyà iná lè gbabẹ̀ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde wá wò ó. "Bàbá wa, ọ̀fun epo lẹ gé ihò sí. Tiná wà lápá ọ̀hún, níwájú." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì kọjú síbi tí kò yẹ. Bàbá ní òun kì í lẹ aṣọ tuntun. Ó yí ẹ̀wù náà, ẹ̀yìn wá síwájú, ihò sì bọ́ sójú ibi tó yẹ. Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, mọ́tò náà dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọdé tó dá ẹ̀wù wọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bó ti ń wa mọ́tò bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ epo tí kò tíì gbin látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé bú ramúramù fúnra rẹ̀. Bàbá dá a dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ pe mẹkáníìkì. Ó ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí epo bá ti pẹ́ jù nínú rẹ̀, bí èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tà á, mọ́tò náà máa ń jí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ láti jó epo náà kó tó bàjẹ́.

 Maṣíìnì àtijọ́ kan wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù Bàbá tí kì í fi ránṣọ mọ́, ṣùgbọ́n tó máa ń fẹsẹ̀ wà láìsí òwú nídìí rẹ̀, kí ìpẹtà má bàa mú un. "Ẹni tó ṣe mọ́tò yìí," ni Bàbá sọ, "ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́."

Mẹkáníìkì náà wá rọlẹ̀. Ó ní kí Bàbá má kún táǹkì àfi bó bá ń rìn jìnnà. "Ká ní ẹ ò níbi tẹ́ ẹ ti lè fi iná sí i nílé ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ má rà á. Ẹ sì níbẹ̀. Ká ní kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ lọ rí lọ́nà jíjìn, ǹ bá ní kẹ́ ẹ má rà á." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ìyá ṣì wà."

Ó ku ìwọ̀n kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gba ọ̀nà jíjìn náà. Iná tán lágbedeméjì, níbi tí mọ́tò àtijọ́ kú sí, epo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló rí àmì rẹ̀ níwájú ọkọ̀, kò sì sọ, kí ó má bàa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó di ọwọ́ Bàbá mú, ó wá ojú rẹ̀ kàn, ó ní ó ti gbẹ. Ó bi í pé ta ló gbé e wá.

"Èmi ni mo wa ara mi wá, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó wá bi í bóyá ó ti jẹun. Ìyàwó Bàbá máa ń sọ pé èémí yẹn gan-an ló ra mọ́tò náà, pé àwọn mìíràn kàn ń tọwọ́ bọ ìwé lásán ni.

Oṣooṣù ni Bàbá ń lọ títí tí òun alára fi kú. Ọmọ rẹ̀ olùkọ́ ló ń wa mọ́tò náà lọ báyìí. Ìyá àgbà ṣì wà. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, yóò rọra sún sápá kan àga gígùn rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè ríbi jókòó.