Òrí Tí Mo Fi Pa Bẹ́líìtì Mọ́tò

Bí mo bá ti ṣíná sí mọ́tò mi láàárọ̀, gbogbo àdúgbò wa n'Ísẹ́yìn ló máa ń gbọ́ ọ. Bẹ́líìtì tó ń yí dáínámò ló ń han, á máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi á dúró, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi tí inú mi kì í pẹ́ ru, màá sọ̀kalẹ̀, màá bú wọn. Mọ́tò ọ̀hún ti gbó, ṣùgbọ́n tèmi ni, ojú lásán ni mo sì fi kọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi ẹnikẹ́ni kí n tó bu òrí tí ìyá mi fi ń pa orúnkún, tí mo fi pa bẹ́líìtì náà yíká. Ariwo dákẹ́ wẹ́lo. Mo wá ń fọ́nnu kiri.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bẹ́líìtì ti ń yọ̀, kò yí dáínámò dáadáa mọ́, bátìrì ò sì rí iná gbà. Bátìrì kú. Mo gbé e fún ẹni tó ń ṣájì bátìrì, ó ṣájì ẹ̀, ó tún kú. Mo lọ bá a jà, mo ní omi lásán ló rọ sí i. Ó ní kí n lọ yẹ dáínámò mi wò, mo ní kó lọ yẹ orí ara ẹ̀ wò. Ó ṣáà tún un ṣájì.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo ń fẹ́ ọmọ bàbá kan tó ń hun aṣọ òkè. Bàbá ò tíì gbà, wọ́n ní onínúfùfù ni mí. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pé kí n gbé àwọn dé Ṣakí, wọ́n ń sọmọ lórúkọ nílé ẹ̀gbọ́n àwọn. Mo mọ̀ pé ìwà mi ni wọ́n fẹ́ wò lójú ọ̀nà. Tí mo bá ṣì í ṣe lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó ti lọ nìyẹn.

Mọ́tò ń lọ jẹ́jẹ́, Bàbá ń yìn ín. Wọ́n bi mí pé kí ni iná pupa tó tàn níwájú mi yẹn. Mo ní ọ̀ṣọ́ ni. A ò tíì dé Àgọ́-Àrẹ tí fèrè ò fi dún mọ́, ni mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko iṣu kan.

Mo bọ́lẹ̀, mo fẹsẹ̀ gbá táyà, mo ṣépè fún ẹni tó ń ṣájì bátìrì títí dé ìran ẹ̀. Bàbá kàn wá bá mi nídìí ẹ́ńjìnnì, wọ́n fọwọ́ kan bẹ́líìtì, wọ́n gbóòórùn ọwọ́ wọn.

“Òrí nìyí,” ni wọ́n wí. “Ṣé làkúrègbé ń ṣe mọ́tò ni?”

“Ariwo ẹ̀ ló pọ̀, Bàbá.”

“O wá dí i lẹ́nu. Tí ọmọ mi bá pariwo nílé ẹ, ṣé bó o ṣe máa ṣe é nìyẹn?”

Ọ̀rọ̀ bátìrì àti ti iná pupa yẹn wá yé mi wàyí. Mo bọ́ agbádá mi sílẹ̀, mo bu eérú níbi táwọn àgbẹ̀ ti sun iṣu, mo fi nu bẹ́líìtì títí ó fi gbẹ, mo sì fa dáínámò sẹ́yìn kí bẹ́líìtì lè le. Àwọn àgbẹ̀ wá tì wá. Kí n tó mọ̀, Bàbá náà ti wà láàárín wọn, wọ́n ń tì. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í, wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n mójú tó ọ̀nà. Mọ́tò jí, ó han gooro, iná pupa sì kú.

A han dé Ṣakí ni. Gbogbo ilé jáde wá wò wá. Mo dọ̀bálẹ̀, eérú kún irùngbọ̀n mi. Bàbá nawọ́ sí mi, wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn pé, “Ọkọ ọmọ mi ló gbé mi wá.” Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún wọn, wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn ti bá dírẹ́bà ọkọ̀ elélùbọ́ sọ̀rọ̀.

Ní báyìí, àkọ́bí wa ti ń lọ síléèwé, mo sì ti ra mọ́tò míì. Tí mo bá pàdé Bàbá lọ́nà ọjà, tí mo ní kí wọ́n wọlé, wọ́n á wo mọ́tò, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Ọmọ wọn ni wọ́n lè fi sọ́wọ́ mi. Wọn ò lè fi ara wọn.